Ọ̀pá Arúgbó, Ọ̀pá Afọ́jú: Ìká Òfún àti Ọ̀rọ̀ Owó Ìfẹ̀yìntì



Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Ifá tó kọjá. Tíṣà ni. Ọdún 35 ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2016. Fáìlì kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ó fi rọ́bà dè é nítorí pé ìwé inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ wà níbẹ̀, ìwé ìgbéga wà níbẹ̀, ìwé ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò tí wọ́n yà á ní gbogbo ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń kó àwọn arúgbó jọ sínú oòrùn láti wò ó bóyá wọ́n ṣì wà láàyè. Pẹ́ńṣàn oṣooṣù ń wọlé fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ra nǹkan. Gírátúítì ni kò tíì fojú kàn.

Mo lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń pe awo. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi Ifá léèrè. Ẹbọ wo ni mo máa rú kí owó mi tó lè jáde?"

Mo dá Ifá fún un. Odù tó jáde, tirẹ̀ ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ifá sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, a sì ṣe ohun tí Ifá ní ká ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ owó, mo sọ fún un pé, "Màmá, owó yín kò sí lọ́wọ́ ajogun kankan. Ọwọ́ èèyàn ló wà. Mi ò lè gba owó ẹbọ lọ́wọ́ yín lórí gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ yín."

Obìnrin alákàrà ẹsẹ̀ títì wa wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń dúró de ìyàwó mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Màmá Tíṣà. Èmi ń kọ́? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dín àkàrà. Àwọn káńsù ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, mò ń sanwó. Ta ló máa fún èmi ní pẹ́ńṣàn? Ṣé kí wọ́n máa fi owó mi tọ́jú yín ni, kí èmi máa dáná títí màá fi kú?"

Màmá Tíṣà wò ó. Ó ní, "Ọmọ rẹ méjèèjì, ta ló kọ́ wọn ní ìwé kíkà?"

Alákàrà ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá. Mi ò ní kí wọ́n má sanwó yín. Mo ní, èmi ń kọ́?"

Ilé dákẹ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní awo, mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, Ìká Òfún ló sì ń wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà mí bọ̀ ti mọ ẹsẹ̀ náà, nítorí náà mi ò ní kì í. Ìtàn rẹ̀ nìkan ni màá sọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àwọn àgbààgbà mẹ́rìndínlógún ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti tọrọ ogbó. Wọ́n fún wọn ní òfin mẹ́rìndínlógún pé bí wọ́n bá pa á mọ́, wọn yóò gbó, wọn yóò tọ́. Lára òfin yẹn ni pé kí wọ́n má ṣe já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ arúgbó, kí wọ́n má sì ṣe já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ afọ́jú. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n rú òfin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, wọ́n ń pariwo pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́, àìpa òfin mọ́ ni.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí níbẹ̀. Èkíní, àwọn tó já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ arúgbó kì í ṣe ọ̀tá ogbó. Ogbó gan-an ni wọ́n lọ tọrọ. Èkejì, ọ̀pá méjì ló wà nínú òfin náà. Arúgbó ní tirẹ̀, afọ́jú ní tirẹ̀. Ifá ò sọ pé ká gba ti afọ́jú ká fi fún arúgbó.

Màmá Tíṣà ni arúgbó. Lójú tèmi, Ìyá Alákàrà ni afọ́jú. Mi ò bú u o. Ojú rẹ̀ ríran ju tèmi lọ. Ohun tí mò ń wí ni pé ó ń sanwó, wọn kò sì jẹ́ kó rí ibi tí owó náà ń gbà. Yàtọ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì káńsù, láti oṣù Kejì 2020 ni owó orí tó wà lórí ọjà ti di ìdá 7.5 nínú 100. Ó wà nínú káàdì tó fi ń pe ọmọ rẹ̀, ó wà nínú ọṣẹ tó fi ń fọṣọ. Ẹni tó ń sanwó láìrí i, afọ́jú ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti arúgbó. Ṣé ọrẹ àánú ni owó ìfẹ̀yìntì, àbí gbèsè?

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1951, tí wọ́n ní kó mú ọwọ́ padà sí 1946, ọwọ́ gómìnà ni wọ́n fi í sí. Bó bá wù ú ni yóò san án. Nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999, ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Ẹ̀ka 173 sọ̀rọ̀ nípa òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ̀ka 210 sọ ti ìpínlẹ̀: ẹ̀tọ́ ni pẹ́ńṣàn, wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró tàbí yí i padà lọ́nà tó máa pa òṣìṣẹ́ lára láìsí àṣẹ òfin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wò, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.

Ká tilẹ̀ gbé ìwé òfin tì. Nígbà tí Màmá Tíṣà gba iṣẹ́, owó oṣù tíṣà kò tó nǹkan, gbogbo ayé ló mọ̀. Ohun tí ìjọba sọ fún un ni pé, "Gba díẹ̀ yìí, ìyókù ń bọ̀ lọ́jọ́ alẹ́." Ó gbà. Ó ṣe iṣẹ́ náà parí. Àwa ará ìlú ti jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, a ò sì lè dá ìwé tó kọ́ wa padà. Owó oṣù tí wọ́n dá dúró ni gírátúítì rẹ̀, kì í ṣe sàráà. Ẹni tó ti jẹ iṣu tán kò lè máa bá oníṣu ná ọjà.

Nítorí náà, òtítọ́ tó korò fún Ìyá Alákàrà ni pé òun náà wà nínú ẹni tó jẹ gbèsè yìí. Ọmọ rẹ̀ méjèèjì jẹ nínú iṣu náà. Èmi náà jẹ níbẹ̀; yunifásítì ìjọba ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, owó tí mo san kò tó owó ọkọ̀. A ò lè sọ pé ìjọba àná ló ṣèlérí, kò kàn wá.

Ó wá ku ọ̀pá afọ́jú. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le.

Ẹ jẹ́ ká fi èsúsú wò ó. Èèyàn mẹ́wàá dá èsúsú, ẹnì kan ń kó lóṣooṣù. Ẹni tó kó lóṣù kìíní ti bọ́ sí i. Ẹni tó máa kó lóṣù kẹwàá, ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ló ní. Pẹ́ńṣàn àtijọ́ tí òfin 1979 tò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ní kó mú ọwọ́ padà sí oṣù Kẹrin 1974, èsúsú tí ẹnikẹ́ni ò dá ni. Òṣìṣẹ́ ò dá kọ́bọ̀, ìjọba náà ò fi nǹkan kan pamọ́. Owó epo àti owó orí tó bá wọlé lọ́dún ni wọ́n fi ń san ti ọdún náà. Ayé Údójì nìyẹn, owó ń wọlé, wọ́n ń gbà èèyàn síṣẹ́ bí ẹni ń ṣa àgbàdo. Ẹni tí wọ́n gbà ní 1976, tó bá ṣe ọdún 35, kò ní fẹ̀yìn tì ṣáájú 2011. Ìlérí ò ná ẹni tó ṣe é ní kọ́bọ̀. Ọmọ tí wọn ò tíì bí ló máa san án.

Àwa Yorùbá ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀fà ni. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Bàbá yá owó, kò rí i san, ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe kì í dín gbèsè kù, èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Bó sin olówó fún ogún ọdún, iye tí bàbá yá ṣì wà bó ṣe wà. Ọmọ náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ná owó.

Ní oṣù Kejì 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yá 758 bílíọ̀nù náírà láti fi san gbèsè owó ìfẹ̀yìntì tó ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́. Inú mi dùn fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, torí gbèsè tòótọ́ ni, ọ̀pọ̀ sì ti kú sórí ìlà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé yíyá ni wọ́n yá a. Wọ́n dá ọ̀pá arúgbó padà, wọ́n sì fi ọmọ Ìyá Alákàrà ṣe ìwọ̀fà, láìsọ fún un. Bí wọn ò bá dí ihò tí gbèsè náà ń gbà wọlé, ìwọ̀fà míràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Òfin 2004 ló gbìyànjú láti dí ihò náà. Òṣìṣẹ́ á dá, ìjọba á dá, owó á wọ àpò tó ní orúkọ òṣìṣẹ́ lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá 7.5 nínú 100 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá. Òfin 2014 sọ ọ́ di 8 fún òṣìṣẹ́ àti 10 fún ẹni tó gbà á síṣẹ́. Fún ọdún tí òṣìṣẹ́ ti ṣe ṣáájú 2004, ìjọba gbà pé gbèsè ni, wọ́n ní àwọn á máa ya ìdá 5 nínú 100 gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ ní báńkì àpapọ̀ láti fi san án. Èsúsú di àjọ nìyẹn: ohun tí o bá dá, tìrẹ ni.

Mo rò pé ètò náà dára, ju ti àtijọ́ lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ò ní fẹ́ràn pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn sójà jáde nínú rẹ̀ ní 2011, ọlọ́pàá náà ti ń bẹ̀bẹ̀ láti jáde. Mi ò dá wọn lẹ́bi, torí alájọ ló ba àjọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba kò fi ya ìdá 5 yẹn sọ́tọ̀ bó ṣe yẹ, ẹni tó fẹ̀yìn tì ń jókòó sílé, àpò rẹ̀ ò pé. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń gé owó lára owó oṣù òṣìṣẹ́, wọn ò sì fi í ránṣẹ́ síbi tó yẹ kó lọ. Ẹni tó gé owó rẹ láti fi pamọ́ fún ọ, tó wá ná an, kí là ń pè é? Ẹ dáhùn ara yín.

Ọ̀wọ́ngógó tún wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó wà nínú àpò ńlá náà ni wọ́n fi ń yá ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ń san èlé, ṣùgbọ́n ní 2024 ọ̀wọ́ngógó kọjá ìdá 30 nínú 100. Owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 5,500 náírà ní 2000, ó di 18,000 ní 2011, ó di 30,000 ní 2019, ó di 70,000 ní 2024. Ẹ wá ro ti ẹni tó fẹ̀yìn tì ní 2000, tí wọn ò tún pẹ́ńṣàn rẹ̀ wò bó ṣe yẹ. Kò sí ẹni tó já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ikán ló jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo ní kí ẹ kíyè sí i pé àwọn tó rú òfin nínú Ìká Òfún, ogbó ni wọ́n lọ tọrọ. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé sí nílẹ̀ yìí. Ní 2007, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn gómìnà tó bá fipò sílẹ̀: ilé kan ní Èkó, ilé kan ní Abuja, ọkọ̀ tí wọn á máa pààrọ̀ lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, àti owó oṣù gómìnà tó wà lórí àlééfà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ ni gómìnà ṣe, bó bá pẹ́ jù. Tíṣà ṣe 35. Àwọn ìpínlẹ̀ míràn náà ṣe irú rẹ̀. Zamfara fagi lé tiwọn ní 2019. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó pàṣẹ pé kí ìjọba gba owó ìfẹ̀yìntì padà lọ́wọ́ àwọn gómìnà àná tó tún di sẹ́nétọ̀ àti mínísítà, tí wọ́n ń gba méjì pọ̀.

Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ kan ní Abuja dá òṣìṣẹ́ ìjọba kan lẹ́bi, ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun wà nínú àwọn tó jí owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá. Bílíọ̀nù ni owó náà. Adájọ́ ní kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san 750,000 náírà. Ó san án. Ó di 2018 kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà. Àwọn tó ń wá ogbó tiwọn ló ń já ọ̀pá ogbó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí nǹkan bá wá bàjẹ́ tán, wọ́n á ní Ọ̀rúnmìlà ni. Wọ́n á ní owó epo já wálẹ̀ ni, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ pọ̀ jù ni.

Kí wá ni ìdájọ́ tó tọ́? Ẹ ò gbọ́dọ̀ gba tèmi bí ẹni gba àṣẹ o, mo kàn ń sọ ibi tí mo bá a dé.

Ọdún tí èèyàn ti ṣe tán, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ìjọba bá fẹ́ yí ètò padà, ọdún tó ń bọ̀ ni kí wọ́n yí, kí wọ́n sì sọ fún òṣìṣẹ́ ṣáájú, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́ míràn. Ìyẹn fún arúgbó.

Ìlérí tuntun, ẹ má ṣe é láìfi owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é. Ìṣirò rẹ̀, kí ẹ gbé e síta lóṣooṣù, ní èdè tí alákàrà gbọ́: iye tí a gé, iye tó wọ àpò, iye tí a jẹ. Ìyẹn fún afọ́jú. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àtọmọ kó má láàlà.

Ẹni tó ṣe òfin, kó wà lábẹ́ òfin náà. Bí ìdá 8 àti 10 bá dára fún tíṣà, kó dára fún gómìnà àti sẹ́nétọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú wa ni wọ́n á wá mọ̀ pé táyà rẹ̀ ń jò.

Ìbéèrè Ìyá Alákàrà ṣì kù: "Èmi ń kọ́?" Láti 2019 ni ètò ìfipamọ́ kékeré ti wà fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, kí àwọn náà ní àpò tiwọn. Mo sọ fún un. Ó bi mí pé, "Àwọn wo ló ń tọ́jú rẹ̀? Ṣé àwọn tó jẹ Màmá Tíṣà ni?" Mo ní ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń tọ́jú owó náà, ìjọba kàn ń ṣọ́ wọn ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á rò ó. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ẹni tó ń rí bí ìlú ṣe ń hùwà sí arúgbó rẹ̀ ti mọ ohun tó ń dúró de òun náà. Ìdí nìyẹn tí sísan owó Màmá Tíṣà fi jẹ́ èrè fún alákàrà pẹ̀lú. Ìlú tó bá já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́, kí ni kò ní í ṣe fún ẹni tí kò ní?

Ní ti Màmá Tíṣà, mo ní kó tún padà wá. A tú fáìlì náà sílẹ̀ lórí ẹní, a to ìwé náà lọ́dọọdún, bí mo ṣe máa ń to ìwé nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Mo bá a kọ lẹ́tà, mo tọ́ka sí ẹ̀ka 210, ó fọwọ́ sí i. Ó fẹ́ fún mi ní owó. Mo ní, "Màmá, ẹ fi wọ ọkọ̀ lọ sí sẹkitéríàtì."

Owó ò tíì jáde títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí gírátúítì yín tàbí ti òbí yín wà nílẹ̀, ẹ kọ ọdún tó ti wà níbẹ̀ síbí, ká jọ kà á. Ogbó tí gbogbo wa ń tọrọ, ká má ṣe rú òfin rẹ̀ lójú ọ̀nà.